Apticron kó àlejò wá sórí sáfà mi: ṣé kí n yọ ọ́ ni àbí kí n tún un ṣe?

alábòójútó_tuntun

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Sáfà kékeré kan wà tí mo ń bójú tó, Debian 12 (irú Linux kan) ló wà lórí rẹ̀. Ẹni tó gbé iṣẹ́ náà fún mi ní kí n wá nǹkan tí yóò máa ta wá lólobó bí àtúnṣe tuntun bá ti jáde fún páákéèjì (ìdìpọ̀ sọ́fítíwíà) èyíkéyìí, torí odidi oṣù méjì la fi gbàgbé sáfà yìí láìfọwọ́ kàn án. Wọ́n ní apticron ni kí n lò. Mo tẹ `apt install apticron`, mo rò pé nǹkan kan ṣoṣo ló ń bọ̀. Ká tó wí ká tó fọ̀, exim4 ti wọlé, bsd-mailx ti wọlé, apt-listchanges náà ò gbẹ́yìn.

Ọjọ́ mẹ́ta rèé, n ò tíì rí ímeèlì kankan. Èyí tó tún wá dá mi lágara: lánàá tí mo ṣe `apt upgrade`, ojú ìwé gígùn kan ṣí lójijì, ọ̀rọ̀ kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, n ò mọ ibi tí mo máa gbà jáde. Mo bá ti fèrèsé tẹ́mínà pa.

Mo fẹ́ yọ gbogbo rẹ̀ dànù kí sáfà padà sí bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n àyà mi ń já, kí n má lọ yọ ohun tí nǹkan mìíràn ń lò lórí ẹ̀rọ náà. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

kò_sí_wàhálà

Ojú ìwé yẹn, lẹ́tà q ni wọ́n fi ń jáde níbẹ̀. Apt-listchanges ló ń ka ìròyìn àwọn àtúnṣe sí ọ létí kó tó jẹ́ kí apt tẹ̀ síwájú. Gbogbo wa la ti bá a pàdé rí, ojú sì ti ti gbogbo wa.

òwìwí_orí_sáfà

Àbúrò, fara balẹ̀. Kò tíì sí ohun tó bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí tẹ́mínà tí o tì pa. Bí apt bá wà lẹ́nu iṣẹ́, a kì í já a sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Orí ló yọ ọ́, torí ìròyìn yẹn máa ń jáde kó tó di pé dpkg, irinṣẹ́ tó ń bá apt fi páákéèjì sórí ẹ̀rọ, fọwọ́ kan nǹkan. Síbẹ̀, ṣe àyẹ̀wò:

`dpkg --audit`

Bí kò bá sọ nǹkan kan, ara sáfà le. Bó bá dárúkọ páákéèjì tí iṣẹ́ rẹ̀ ò parí, `dpkg --configure -a` ni yóò parí rẹ̀. Bó bá sì ní òun ò rí `/var/lib/dpkg/lock-frontend` gbà, má pa fáìlì yẹn rẹ́ o! Iṣẹ́ kan ṣì ń lọ lábẹ́lẹ̀ ni. Dúró kó parí, tàbí kí o fi `ps aux | grep apt` wo ẹni tó dì í mú.

Ó kan apticron wàyí. Ìwé àṣẹ kékeré kan ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Á bi apt léèrè àwọn páákéèjì tí ẹ̀dà tuntun wọn ti jáde, á sọ fún apt-listchanges pé kó bá òun wá àlàyé ohun tó yí padà nínú wọn, á wá kó gbogbo rẹ̀ fún mailx pé kó fi ránṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ kì í fi àtúnṣe kankan sórí ẹ̀rọ. Olófòófó lásán ni. Ṣùgbọ́n olófòófó gbọ́dọ̀ ní ẹnu: mailx nílò ẹni tí yóò gbé ímeèlì jáde, bí kò bá sì sí irú rẹ̀ lórí sáfà, Debian á mú exim4 wá, Ubuntu tó jẹ́ ìbátan rẹ̀ á mú postfix. Ibẹ̀ ni àwọn àlejò rẹ ti wá. Wọn kì í ṣe ọ̀bàyéjẹ́.

Ní ti ímeèlì tí o ò rí: mo fẹ́ kí o tẹ èyí kí o tó yọ ohunkóhun, kí o sì sọ ohun tí o bá rí fún wa.

`ls -l /var/mail`

alábòójútó_tuntun

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. `dpkg --audit` ò sọ nǹkan kan. Ní ti èkejì, fáìlì kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ `mail`, kìlóbáìtì rẹ̀ sì pọ̀ díẹ̀. Mo fi `less` ṣí i. Ẹ̀rín pa mí, inú sì bí mi lẹ́ẹ̀kan náà: "apticron report" ló wà lókè, ọjọ́ àti wákàtí tẹ̀ lé e, lábẹ́ rẹ̀ ló ní "The following packages are currently pending an upgrade", openssl wà níbẹ̀, curl wà níbẹ̀. Ó ti ń kọ lẹ́tà láti ọjọ́ yìí. Inú ilé náà ló ń kó wọn pamọ́ sí!

òwìwí_orí_sáfà

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. `EMAIL="root"` ni apticron máa ń ní láti ilé ẹni tó ṣe é; root ni orúkọ alábòójútó àgbà lórí ẹ̀rọ. Exim4 ti Debian, bí o kò bá tò ó, inú ẹ̀rọ nìkan ló máa ń pín lẹ́tà sí, kì í gbé nǹkan jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò sì ní fi orúkọ root kọ lẹ́tà sínú àpótí. Bí kò bá sí orúkọ mìíràn fún root nínú `/etc/aliases`, àpótí tó ń jẹ́ mail ló máa dà á sí. Tóò, apticron ò jẹ̀bi. Adírẹ́sì ni a ò fún un.

Kọ́kọ́ gbé fáìlì ètò rẹ̀ wá síbi tó yẹ. Nínú àwọn ẹ̀dà àìpẹ́ yìí, wọn kì í fi í sínú `/etc` fún ọ mọ́, àwòkọ ni wọ́n ń fi pamọ́:

`cp /usr/lib/apticron/apticron.conf /etc/apticron/apticron.conf`

Ṣí i, kí o wá ìlà EMAIL, kí o fi adírẹ́sì tí ẹ ń kà lójoojúmọ́ síbẹ̀. Mo ní èyí tí ẹ ń kà o. Àpótí tí ẹnì kan ò ṣí láti ọdún tó kọjá ò yàtọ̀ sí `/var/mail/mail` yẹn.

Lẹ́yìn náà, pinnu ẹni tí yóò máa gbé lẹ́tà jáde. Bí o bá fẹ́ kí exim4 dúró, `dpkg-reconfigure exim4-config` ni, kí o yan èyí tó ní "smarthost", ìyẹn ni pé kó máa gba ọ̀dọ̀ sáfà ímeèlì mìíràn kọjá. Má ṣe fi sáfà kékeré ránṣẹ́ tààrà láti pọ́ọ̀tù 25. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń yá ni ní sáfà ló ti di pọ́ọ̀tù yẹn pa nítorí àwọn aránṣẹ́ jìbìtì. Bí wọn ò bá tiẹ̀ dì í, àpò ìdọ̀tí ni lẹ́tà rẹ máa balẹ̀ sí.

gègé_dúdú

Mo gbà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n, àmọ́ lójú tèmi, exim4 ti pọ̀ jù fún iṣẹ́ lẹ́tà kan lóòjọ́. Ẹni tó fẹ́ rán ọmọdé níṣẹ́ kì í gbé ọkọ̀ ńlá fún un. Msmtp ni mo máa ń lò. Kò ní iṣẹ́ kankan tó ń sá lábẹ́lẹ̀, kì í gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni láti ìta, á kàn gba lẹ́tà, á gbé e fún sáfà ímeèlì yín, ó parí.

`apt install msmtp-mta`

Ka ohun tó bá kọ síbẹ̀ kí o tó tẹ Y. Á ní òun máa yọ exim4-daemon-light, torí olùgbé-lẹ́tà méjì kì í gbé lórí ẹ̀rọ kan náà. Ìyẹn náà la fẹ́. Wá kọ `/etc/msmtprc` báyìí:

```
defaults
auth on
tls on
tls_trust_file /etc/ssl/certs/ca-certificates.crt
aliases /etc/aliases

account default
host smtp.example.org
port 587
from safa@example.org
user safa@example.org
password ọ̀rọ̀-ìgbaniwọlé-yín
```

Ṣe `chmod 600 /etc/msmtprc` kíá, ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé wà nínú rẹ̀. Root ló ń sá apticron, nítorí náà á rí i kà. Lẹ́yìn náà fi ìlà `root: adírẹ́sì-yín` sínú `/etc/aliases`, kí o dán an wò:

`echo "ṣé o gbọ́ mi" | mail -s "ìdánwò láti sáfà" root`

Bí ó bá dé, o ti bọ́. Bí kò bá dé, má fọwọ́ kan apticron rárá, ibẹ̀ kọ́ ni àrùn wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni mo ti rí tí wọ́n yọ apticron tí wọ́n sì tún fi í sí ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀nà ímeèlì ló dí.

Ẹni tó bá sì ń ka èyí kó tó fi apticron sórí ẹ̀rọ: fi msmtp-mta síbẹ̀ ṣáájú. Bí apt bá ti bá olùgbé-lẹ́tà nílé, kò ní lọ pe exim tàbí postfix.

afẹ́fẹ́_àárọ̀

Ṣé ẹ máa dárí jì mí, ìbéèrè tó bi kọ́ nìyẹn o. Ó ní òun fẹ́ YỌ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, torí mo ti fi ìyọkúrò yìí jìyà rí.

Sáfà Ubuntu kan wà lọ́wọ́ mi. Mo fi apticron síbẹ̀, postfix bá a wá, mo tò ó, iṣẹ́ ń lọ. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹnì kan nínú wa gbé ìkànnì kan sórí sáfà kan náà. Bí oníbàárà bá gbàgbé ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé, ìkànnì yẹn á fi ímeèlì ránṣẹ́ sí i. Postfix tó ti wà nílẹ̀ ni wọ́n lò, wọn ò sì sọ fún mi. Nígbà tó yá, a rí nǹkan mìíràn tó dára ju apticron lọ, mo ní kí n palẹ̀ mọ́:

`apt purge apticron`
`apt autoremove --purge`

Mo tẹ Y bí ẹni ń ta eṣinṣin. Lójú apt, apticron ló torí rẹ̀ pe bsd-mailx wá, bsd-mailx ló torí rẹ̀ pe postfix. Apticron ti lọ, kí ni àwọn tó tẹ̀ lé e wá tún ń ṣe nílẹ̀? Ó gbá gbogbo wọn dànù, àti fáìlì ètò tí mo fi odindi ọ̀sán kan kọ. Kò sí ẹni tó mọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni àwọn èèyàn fi ń tẹ "mo ti gbàgbé" tí wọ́n ń dúró de lẹ́tà tí kò ní dé láé.

Nítorí náà, alábòójútó_tuntun, ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Lẹ́tà `s` kékeré kan wà tó máa ń jẹ́ kí apt ṣe é lójú àlá nìkan:

`apt -s purge apticron`
`apt -s autoremove`

Kò ní yọ nǹkan kan, á kàn ka orúkọ àwọn tó máa lọ. Kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí o bá rí èyí tí o ṣì nílò, sọ fún apt pé ìwọ fúnra rẹ lo ní kó wà:

`apt-mark manual postfix`

Láti ìgbà yẹn lọ, autoremove ò ní fọwọ́ kàn án mọ́. `apt-mark showauto` á ka gbogbo àwọn tí kò sí ẹni tó pè wọ́n ní orúkọ, tí wọ́n kàn bá ẹlòmíràn wọlé.

alábòójútó_tuntun

Ha! Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìfaradà. Báwo ni mo ṣe máa mọ àwọn tí àṣẹ tèmi gan-an kó wọlé? Mo ti gbàgbé orúkọ àwọn kan lára wọn, n ò sì fẹ́ fojú bù ú.

afẹ́fẹ́_àárọ̀

Apt ò gbàgbé. Ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀:

`grep -A3 'install apticron' /var/log/apt/history.log`

Wàá rí ìlà Commandline, ìyẹn àṣẹ tí o tẹ̀ gan-an. Lábẹ́ rẹ̀ ni ìlà Install wà, ó máa ń gùn bí okùn kànga: orúkọ páákéèjì, nọ́ńbà ẹ̀dà rẹ̀, àti ọ̀rọ̀ "automatic" lẹ́yìn àwọn tí ìwọ ò dárúkọ. Àwọn àlejò rẹ nìyẹn, orúkọ pé pérépéré. Bó bá ti pé oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á ti ká àkọsílẹ̀ náà pamọ́, `zgrep` ni kí o fi wá a nínú `/var/log/apt/history.log.*.gz`.

Mo máa ń da ìlà yẹn kọ sínú ìwé sáfà kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ tí mo bá fi nǹkan síbẹ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni.

kò_sí_wàhálà

Kí ni ìyàtọ̀ remove àti purge? Mo máa ń lo èyí tó bá ti wá sí mi lọ́kàn.

òwìwí_orí_sáfà

`remove` á lé onílé jáde, á fi ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. `purge` á kó ẹrù náà dànù. Bí o bá ṣe `remove apticron`, fáìlì ètò rẹ̀ lábẹ́ `/etc` á ṣì wà níbẹ̀. Ìyẹn dára bí o bá rò pé o ṣì máa padà lò ó. Láti mọ àwọn tó ti lọ tí ẹrù wọn ṣì wà nílẹ̀:

`dpkg -l | grep '^rc'`

Mo tẹ èyí lórí sáfà àtijọ́ kan lọ́jọ́ kan, ó kún ojú tẹ́mínà méjì. Kò pa ẹnikẹ́ni lára, àmọ́ kò bójú mu.

Ohun tí ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ẹ fi `rm` pa `/usr/sbin/apticron` rẹ́ fúnra yín. Lójú dpkg, páákéèjì náà ṣì wà. Ọjọ́ tí ẹ̀dà tuntun rẹ̀ bá jáde tí ẹ sì ṣe upgrade, á tún jí dìde. Bí ẹ bá fẹ́ kó dákẹ́ fúngbà díẹ̀, ẹ kàn fi àmì # síwájú ìlà rẹ̀ nínú `/etc/cron.d/apticron`.

Bí ẹ ṣe ń wo fáìlì yẹn, ẹ máa rí i pé wákàtí-wákàtí ni cron, aago tó ń pe iṣẹ́ lórí ẹ̀rọ, ń pè é. Ẹ má bẹ̀rù, kò ní fi lẹ́tà mẹ́rìnlélógún ránṣẹ́. `--cron` tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni kò jẹ́ kó ṣe ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóòjọ́. Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò lójú ẹsẹ̀, ẹ tẹ `apticron` lásán gẹ́gẹ́ bíi root.

gègé_dúdú

Ẹni tí postfix bá bá wọlé lórí Ubuntu, ẹ ṣọ́ra fún ojú ìwé búlúù tó máa ń béèrè irú ètò tí ẹ fẹ́. Ọ̀pọ̀ ló ń yan "Internet Site" torí pé òun ni iná wà lórí rẹ̀. Èyí á ṣí pọ́ọ̀tù 25 sí gbogbo ayé nítorí ìkìlọ̀ àtúnṣe lásán. Ẹ fi `ss -ltnp` wò ó. Bí ẹ bá rí `0.0.0.0:25`, ẹ fi `inet_interfaces = loopback-only` sínú `/etc/postfix/main.cf`, kí ẹ tún postfix gbé dìde. Exim ti Debian ṣe dáadáa ní ti èyí, ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ nìkan (127.0.0.1 àti ::1) ló máa ń gbọ́ bí ẹ ò bá yí i padà.

ìlàrí7

Ẹ má bínú sí mi o, ṣùgbọ́n kí ni a ń gba ìròyìn fún? Ẹ fi unattended-upgrades síbẹ̀, kó máa fi àtúnṣe ààbò sí i fúnra rẹ̀, kí oníkálukú lọ sùn. Ẹni tó ń gba lẹ́tà lójoojúmọ́, tí kò sì ṣe nǹkan kan sí i, kí ni èrè rẹ̀?

afẹ́fẹ́_àárọ̀

Ìlàrí7, òótọ́ lo sọ, àmọ́ ó ku díẹ̀ káàtó. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni apt-daily-upgrade, aago tó ń pe unattended-upgrades, máa ń jí, ó sì lè fi tó wákàtí kan pẹ́ lórí ìyẹn. Mo ní sáfà ibùdó-dátà kan tí iṣẹ́ alẹ́ rẹ̀ máa ń parí ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀. Àtúnṣe ààbò jáde fún ibùdó-dátà náà, unattended-upgrades fi í síbẹ̀, ó sì pa á kú kó tún un gbé dìde, bó ṣe yẹ kó ṣe. Iṣẹ́ òru já sí méjì. Kò ṣẹ̀ wá, èmi ni mi ò kọ orúkọ rẹ̀ sí Package-Blacklist nínú `/etc/apt/apt.conf.d/50unattended-upgrades`.

òwìwí_orí_sáfà

Ẹ má jà. Àwọn méjèèjì lè gbé inú ilé kan. Lórí sáfà tí kò bá lẹ́lẹ́gẹ́, mo máa ń jẹ́ kí unattended-upgrades ṣe iṣẹ́ ààbò, mo sì máa ń fi `Unattended-Upgrade::Mail` sí adírẹ́sì mi, `MailReport` á wà ní "on-change", kí n lè mọ ohun tó yí padà. Apticron á wá sọ àwọn tó ṣẹ́ kù fún mi. Àmọ́ ẹ kíyè sí i: unattended-upgrades náà nílò ẹni tó ń gbé lẹ́tà. Kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ sá fún iṣẹ́ ímeèlì yẹn.

Sáfà tó lẹ́lẹ́gẹ́ ni mo fi apticron nìkan sí, èmi fúnra mi ni mo máa ń fọwọ́ ṣe é.

Ìlàrí7 sì ti fọwọ́ kan egbò kan: lẹ́tà tó ń wá lójoojúmọ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà á di ohun tí ojú ń fò kọjá. Ẹ fi `DIFF_ONLY="1"` sí i, kò ní sọ̀rọ̀ mọ́ àfi bí nǹkan tuntun bá wọ inú àkójọ. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ náà ní tirẹ̀. Bí n ò bá rí lẹ́tà fún ọ̀sẹ̀ méjì, ṣé àtúnṣe ò jáde ni, àbí ọ̀nà ímeèlì ló ti já? Lórí sáfà kan ṣoṣo, mo máa ń ṣe `NOTIFY_NO_UPDATES="1"`, kó máa sọ fún mi pé "kò sí nǹkan lónìí". Bí òun bá dákẹ́, mo mọ̀ pé wàhálà wà. Ẹni tó ní ogún sáfà ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ lórí gbogbo wọn, á ya wèrè.

kò_sí_wàhálà

Lórí Ubuntu tèmi, apticron ń dárúkọ páákéèjì kan lójoojúmọ́. Bí mo bá ṣe `apt upgrade`, á ní "kept back", pé òun dá a dúró. Ọjọ́ kẹfà rèé. Ta ló ń purọ́?

gègé_dúdú

Kò sí ẹni tó purọ́. Ubuntu máa ń pín àtúnṣe fún àwọn ẹ̀rọ ní ìpele-ìpele, kí wọ́n lè tètè dá a dúró bó bá ń ba nǹkan jẹ́. Láti 21.04 ni apt fúnra rẹ̀ ti ń bọ̀wọ̀ fún ìpele yìí. Ìpín tìẹ ò tíì kàn ni. Má fi ipá mú un. Bó bá jẹ́ ìwọ lo fi `apt-mark hold` so ó mọ́lẹ̀, `NOTIFY_HOLDS="0"` ni kí o fi pa á lẹ́nu.

ìlàrí7

Fún àwa tí a wà lórí RHEL (Linux ti Red Hat) 8 àti 9 àti àwọn ìbátan wọn, tí dnf wà fún wa dípò apt: dnf-automatic ni tiwa. Nínú `/etc/dnf/automatic.conf`, ẹ fi `emit_via = motd` bí ẹ ò bá fẹ́ wàhálà ímeèlì rárá; ẹni tó bá wọlé sórí sáfà ló máa rí i. Lẹ́yìn náà:

`systemctl enable --now dnf-automatic-notifyonly.timer`

Notifyonly ni kí ẹ yàn. Aago mìíràn wà tó ń jẹ́ install, ìyẹn á fi àtúnṣe síbẹ̀ ní ti gidi. Bí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, ẹ kọ́kọ́ `disable --now` aago náà, kí ẹ tó ṣe `dnf remove dnf-automatic`. Tàbí kí ẹ wá nọ́ńbà ọjọ́ tí ẹ fi í sí nínú `dnf history`, kí ẹ ṣe `dnf history undo` fún nọ́ńbà yẹn, á kó gbogbo àlejò rẹ̀ lọ pẹ̀lú rẹ̀. Apt ti Debian 12 ò ní irú rẹ̀, ẹ pẹ̀lẹ́ o.

afẹ́fẹ́_àárọ̀

O ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, a gbọ́.

Ohun kan ṣì kù tí apticron kì í sọ. Bí ẹ bá fi kernel (ọkàn Linux) tuntun sí i, èyí tó ń ṣiṣẹ́ ṣì ni ti àtijọ́ títí ẹ ó fi tún sáfà tàn. Ubuntu máa ń fi fáìlì `/var/run/reboot-required` sílẹ̀, orúkọ àwọn tó fà á á sì wà nínú `reboot-required.pkgs` lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lórí Debian, ẹ fi needrestart síbẹ̀, òun ló máa sọ fún yín bí nǹkan bá nílò àtúntàn. Lẹ́tà apticron lè ti dákẹ́ tán, kí ihò ààbò ṣì ṣí sílẹ̀ gbayawu.

alábòójútó_tuntun

Ẹ kú àìsùn, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n jábọ̀.

N ò yọ apticron mọ́. Exim4 ni mo yọ. Mo wo history.log lákọ̀ọ́kọ́, mo bi àwọn tí a jọ ń lo sáfà bóyá ẹnì kan ń fi exim ránṣẹ́, wọ́n ní rárá. Mo fi msmtp-mta sí i, exim4-daemon-light bá a lọ bí ẹ ṣe wí. Mo ṣe `apt -s autoremove`, exim4-base àti exim4-config nìkan ló dárúkọ, mo wá ṣe é ní ti gidi pẹ̀lú `--purge`. Ó béèrè bóyá kí òun pa àwọn lẹ́tà tí kò tíì lọ tó ń dúró lọ́dọ̀ rẹ̀ rẹ́, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti ka èyí tó wà ní `/var/mail/mail` tán tẹ́lẹ̀.

Ìdánwò àkọ́kọ́ ò dé. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tú apticron palẹ̀, mo wá rántí ọ̀rọ̀ gègé_dúdú. Pọ́ọ̀tù ni mo kọ ní 578 dípò 587. Mo tún un kọ, ó dé kí n tó gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnì.

Sáfà kejì wà tí mo ti fi apticron sí láìnídìí, unattended-upgrades ti ń bójú tó o láti ọjọ́ pípẹ́. Níbẹ̀ ni mo ti ṣe `apt purge apticron`. Olùgbé-lẹ́tà ti wà nílẹ̀ kó tó dé, nítorí náà bsd-mailx àti apt-listchanges nìkan ni autoremove fẹ́ kó lọ. Mo fi `apt-mark manual bsd-mailx` dá mailx dúró, torí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn àṣẹ `mail` yẹn.

Ó ku ìbéèrè kan: ṣé mo lè yọ apt-listchanges lórí sáfà àkọ́kọ́, kí ojú ìwé yẹn má tún yọ sí mi mọ́?

òwìwí_orí_sáfà

Rárá o, apticron á bá a lọ. `dpkg-reconfigure apt-listchanges` ni kí o tẹ̀, kí o yan "none" fún ọ̀nà ìfihàn. Ṣùgbọ́n bó bá ṣe èmi ni, màá fi í sílẹ̀, kí n máa ka ìròyìn náà, kí n sì máa tẹ q.